Fèrè Bàámi ní Pápá Ìṣeré Atlanta

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo kí Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ọkọ wọn, mo kí Tọ́lá ọmọ wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò tó ń wá jókòó tì yín láti ìgbà tí Bàámi ti papò dà. Tẹ́lẹ̀, Bàámi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí nínú lẹ́tà, ẹ̀yin á sì máa rojọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, baba mi ni mo ń kí. Lónìí, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kí, inú mi kò sì dùn sí i.

Mo fẹ́ bá yín sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ rí bó ṣe ń rí. Bí mo bá ti pè, ẹ ó bú sẹ́kún, èmi náà á bú sẹ́kún, Àǹtí Dúpẹ́ á gba fóònù, wọ́n á ní kí n pè padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Mo sì ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn tí àwa ọmọ Yorùbá ń kà níbí, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ti ṣe é fún ní Atlanta yìí. Èmi gan-an ti bá wọn ṣe é fún àwọn ẹlòmíì.

Òtútù ti dé síbí. Kì í ṣe òtútù yìnyín bí ẹ ṣe ń rí i nínú tẹlifíṣàn, òtútù olójò ni, èyí tó máa ń wọ inú egungun lọ láìkanlẹ̀kùn. Iṣẹ́ mi náà wà bó ṣe wà. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ń tọ́jú. A máa ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, èmi á sì máa rìn láàárín wọn, máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Bí mo bá délé ní Redan, lẹ́bàá Atlanta, ilé náà ti tóbi jù fún mi. Ẹ mọ̀ pé ìyá Àkànní ti bá tirẹ̀ lọ, èmi àti ọmọ náà ló kù, òun náà sì ti wọ yunifásítì àwọn aláwọ̀dúdú ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ajá aládùúgbò mi ló máa ń kọ́kọ́ kí mi bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Olówó ajá náà kì í kí èèyàn.

Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé tí Àkànní bá ń gbá bọ́ọ̀lù ni ọjọ́ tí mo máa ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ dáadáa, Bàámi sì ni ẹni náà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ ni Bàámi, wọ́n ti fọn fèrè fún bọ́ọ̀lù ilé ìwé ní Ìkìrun títí irun wọn fi funfun, wọ́n wá ní irú bọ́ọ̀lù wo nìyí tí èèyàn ń gbé mọ́yà sá lọ bí ẹni jí iṣu gbé. Wọ́n ní ìjàkadì ni, akoto ni wọ́n kàn dé sí i. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ẹgbẹ́ kan á gbé bọ́ọ̀lù, á máa wá bí yóò ṣe gbé e dé òpin ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá dí i lọ́nà, á pe ẹnì kan jáde kó wá fẹsẹ̀ gbá a kọjá láàárín òpó gíga méjì. Mo ní ẹni tí wọ́n ń pè jáde yẹn ni Àkànní. Bàámi wá bi mí pé ṣé nínú gbogbo àwọn tó ń ṣubú lu ara wọn yẹn, ọmọ òun nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń bá mi jiyàn lórí òfin eré tí èmi kọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni fèrè ti bẹ̀rẹ̀. Kí Àkànní tó wọ pápá, Bàámi á mú fèrè wọn àtijọ́, èyí tí okùn rẹ̀ já tí ẹ fi okùn bàtà rọ́pò, wọ́n á fọn ọ́n sínú fóònù: kúkúrú méjì, gígùn kan. Wọ́n á ní, Àkànní, ó yá o. Tọ́lá á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù Bàámi, èmi á fi ránṣẹ́ sí ọmọ, ọmọ á gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà. Bí eré bá ti ń lọ, èmi náà á máa fi ohùn tèmi ránṣẹ́ sí Bàámi, mo ń ròyìn bó ṣe ń lọ bí àwọn tó máa ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sí Sátidé bọ́ọ̀lù kan tí a fò.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ Àkànní gba ife líìgì tiwọn. Líìgì mìíràn wà tí àwọn yunifásítì aláwọ̀dúdú yòókù ń gbá, òun náà ní ẹgbẹ́ tó gba ife rẹ̀. Bí gbogbo ìdíje bá ti parí, ní Oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ méjèèjì yìí á wá pàdé kí wọ́n lè mọ ọ̀gá láàárín àwọn ọ̀gá. Atlanta ni wọ́n ti ń gbá a. Nígbà tí mo sọ fún Bàámi pé Àkànní ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù náà nílùú tí mò ń gbé, wọ́n ní àwọn kò ní í kú kí àwọn tó gbọ́ bó ṣe lọ. Ikọ́ ti wà lára wọn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín ni. Mo mú ọ̀rọ̀ náà bí ìlérí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí ni wọ́n kú. Gbogbo yín mọ̀, èmi ni n kò mọ̀. Mo pè, ẹ ní Bàámi ń sùn. Mo tún pè, ẹ ní wọ́n wà ní balùwẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Àǹtí Dúpẹ́ ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, ohùn wọn sì ń dún ketekete létí mi. Mo gbọ́ ohùn èrò lẹ́yìn yín, mo bi yín, ẹ ní àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló wá ṣèpàdé. Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nà wá nítorí irọ́. N kò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n pa tó bẹ́ẹ̀.

Ní àárín ọ̀sẹ̀ náà ni Díákónì ìjọ wa, tó ń gbé ní Smyrna, ní òdì kejì Atlanta, wá yá ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní tòun ti bàjẹ́. Ó jìnnà láti Smyrna dé Redan, ilé ìtajà oògùn sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò rò ó jìnnà. Mo gbé e fún un, mo tún sin ín dé ìdí mọ́tò.

Ó yẹ kí n rò ó, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí. Àwa mẹ́rin kan wà tí ìjọ wa máa ń rán lọ túfọ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè, nítorí ó lè máa wa mọ́tò lọ lójú pópó, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ará ilé ẹni náà á pe pásítọ̀, pásítọ̀ á pe Díákónì, wọ́n á pe Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wọ́n á pe èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì. A ní bí a ṣe ń ṣe é. A ó rí i dájú pé onítọ̀hún ti tibi iṣẹ́ dé. Ẹnì kan á bi í bóyá ó ti jẹun. Bí kò bá tíì jẹ, a ó rọ̀ ọ́ kó jẹ. Ẹnì kan á rọra gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi á gbé ẹ̀rọ jáde, n ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, n ó ní ọ̀fẹ́ ni. Pásítọ̀ á wá gba àdúrà gígùn kan tí kò béèrè ohunkóhun. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá ti rí àwa mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó yáa bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kó má fi àkókò wa ṣòfò.

Láàárọ̀ Sátidé náà, fèrè dé. Ẹyọ kan ni, ó gùn, ó sì gbọ̀n níparí. Kò sí Àkànní, ó yá o nínú rẹ̀. Mo ní ikọ́ ni kò jẹ́ kí Bàámi sọ̀rọ̀. Mo tún un gbọ́, èmi tí mo ń fi gbígbọ́ èémí èèyàn jẹun, mo sì sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ní irú èémí yìí ṣì máa pẹ́ láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fi fèrè náà ránṣẹ́ sí ọmọ, mo wọ ẹ̀wù nípọnnípọn, mo lọ.

Pápá ìṣeré náà kún. Ìdílé ìdílé ni wọ́n ń wá, àwọn bàbá tó ti kàwé jáde ní yunifásítì méjèèjì tipẹ́ wọ ẹ̀wù ilé ìwé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onífèrè ilé ìwé méjèèjì ń yan lórí koríko, wọ́n ń fi orin bú ara wọn, inú àwọn èèyàn sì ń dùn. Èmi nìkan ni mo jókòó láìní ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sún mọ́ ẹnu, mo ní Bàámi, a ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bi mí ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n pe Àkànní sí, ó gbá a yà sẹ́yìn òpó. Ibi tó ti gbá a kò jìnnà rárá, kì í ṣi irú rẹ̀ gbá. Mo sọ fún Bàámi pé afẹ́fẹ́ ló gbé e. Irọ́ ni, òrùlé pápá náà wà ní pípadé, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ náà kàn ń mi orí. Mo bi Bàámi pé kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe é. Èsì wá láti orí fóònù wọn, ó ní Bàbá ń gbọ́, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Mo mọ̀ pé Tọ́lá ló tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé Bàámi ló ní kó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, àwọn méjèèjì ta ọ̀mì. Wọ́n tún pe Àkànní. Ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí jìnnà débi pé obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bo ojú rẹ̀. Mo rí i tí ọmọ náà dúró, tó tẹ orí ba, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ akoto níbi tí etí wà. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ gbá a. Bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó lọ tààrà, ó kọjá láàárín òpó méjèèjì. Mo kígbe sínú fóònù pé ó ti wọlé, ó ti wọlé, Bàámi, ọmọ yín ti gbá a wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ kejì sa gbogbo agbára wọn ní àkókò tó kù, wọn kò rí i dá padà, eré sì parí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n da bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà lé wọn lórí. Gbogbo ẹgbẹ́ ń fò, wọ́n ń gbé ara wọn. Àkànní nìkan jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ó gbé akoto sáàárín ẹsẹ̀, kò gbójú sókè. Ó bí mi nínú díẹ̀, kí n má parọ́. Mo sọ fún Bàámi pé ọmọ yín gba ife, ó ń ṣe bí ẹni tó pàdánù.

Ìsinmi Kérésì ti bẹ̀rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì jẹ́ kó bá mi lọ sílé. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún òun, pé òun ló máa wà á. Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tán ni mo fẹ́ gbé, kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé mi. Ó ṣáà na ọwọ́. Lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní n ó jẹ nílé. Kò gbà. Ó yà síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, ó ra adìẹ àti ìrẹsì, ó jókòó síwájú mi, ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Òun kò jẹ nǹkan kan. Mo ní nínú ara mi pé yunifásítì ti sọ ọmọ yìí dàgbà.

A kò tíì bọ́ bàtà tán nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà dún. Pásítọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà lẹ́yìn wọn. Díákónì ló kẹ́yìn, ó gbé ẹ̀rọ mi mọ́ àyà. Mẹ́ta péré ni wọ́n, Màámi, nítorí èmi ni ẹnì kẹrin. N kò jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà kankan. Mo bi wọ́n pé Bàámi ni àbí Màámi. Díákónì gbé ojú sílẹ̀, ó ní Bàámi ni. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n rọra, ọmọ wà nínú yàrá, kí wọ́n má jẹ́ kó gbọ́ ọ láti ìta. Mo nu ojú mi, mo wọlé lọ bá a. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó wò mí, ó ní Daddy, òun ti mọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ti mọ̀. Tọ́lá, ọmọdé ṣì ni, ó fi fóònù rẹ̀ gbé fọ́tò Bàámi síbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè rí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdágbére, Àǹtí Dúpẹ́ sì ti ní kó yọ ọ́ kíá, ṣùgbọ́n Àkànní ti rí i. Ó pe Àǹtí Dúpẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún mi, pé èmi nìkan ni mo wà nínú ilé, pé àwọn àgbà ìjọ máa wá sọ ọ́ lẹ́yìn eré, nígbà tí òun bá ti wà lọ́dọ̀ mi. Ó gbà. Ó wá sọ fún wọn, nínú Yorùbá rẹ̀ tí ẹ máa ń sọ pé kò lóhùn, pé bí fèrè kò bá wá ní Sátidé, Daddy máa mọ̀. Tọ́lá sọ fún un lẹ́yìn náà pé ẹ dìde láàárín àwọn tó wá kí yín, ẹ wá fèrè náà lábẹ́ ìrọ̀rí Bàámi, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ẹ gbìyànjú, kò dún. Ẹ tún gbìyànjú, ẹkún gbà á mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ nu ẹnu fèrè náà, ẹ wá fọn ọ́n.

Màámi, mo rò pé ọmọ ni wọ́n ń fọn fèrè yẹn fún. Èmi ni ẹ fọn ọ́n fún. Ọmọ náà mọ̀ pé ẹ̀yin ni, fèrè yín ló sì ń gbọ́ létí nígbà tó gbé ọwọ́ lé akoto. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. N kò mọ̀ pé èèyàn tún lè máa sunkún kó máa gbá bọ́ọ̀lù.

Inú bí mi sí yín. Ó ṣì ń bí mi nígbà mìíràn. Àǹtí Dúpẹ́ ní Bàámi ló fi ẹnu ara wọn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wa títí eré náà yóò fi parí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. N kò lè bi Bàámi mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú fóònù yẹn. Mo ròyìn eré fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì sí níbẹ̀. Àǹtí Dúpẹ́ ní ẹ gbé fóònù náà sórí tábìlì láàárín pálọ̀, gbogbo àwọn tó wá kí yín gbọ́ ọ. Wọ́n ní nígbà tí mo kígbe pé ó ti wọlé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tún bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ti ń gbìyànjú láti fi ìyẹn tu ara mi nínú, bóyá tó bá yá, yóò ràn mí lọ́wọ́.

Èmi àti Àkànní ń bọ̀ wá sin ín. Kò tíì dé ilé rí, ẹ ó máa fara da ohùn Yorùbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sin fèrè náà mọ́ Bàámi. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ ìrọ̀rí títí a ó fi dé.

Kò sí bọ́ọ̀lù ní Sátidé tó ń bọ̀, ìdíje ti parí. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ohùn Bàámi máa ń wọlé, mo mọ̀ pé n ó gbé fóònù dání, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. Bí ẹ bá lè rí i ṣe, Màámi, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ tún un fọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ pe orúkọ mi, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tó ṣe ìpàdé tí kò sí yẹn. Ẹ sọ fún Tọ́lá pé n kò bínú sí i. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, yóò tẹ́ Bàámi sí afẹ́fẹ́ rere, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọ lójú ọ̀nà tí a ó gbà wá bá yín.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ fọn fèrè fún,

Ṣẹ́gun